Yìnyín Tí Èmi Kò Họ

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ongar, lẹ́yìn odi Dublin ní ilẹ̀ Áyálándì, ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ mú mi. Mo yọjú láti fèrèsé yàrá mi lókè, mo sì rí ọkùnrin tí a jọ ń gbé ilé kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Gópál, tó dúró ti ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Òtútù mú débi pé èémí rẹ̀ ń jáde bí èéfín. Ó gbé wáípà méjèèjì sókè, ó sì ń fi ike pẹlẹbẹ kan họ yìnyín tó dì mọ́ gíláàsì iwájú. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ló ń họ ọ́, kò họ ọ́ síwá-sẹ́yìn bí àwa yòókù ti máa ń ṣe, torí síwá-sẹ́yìn a máa ha gíláàsì. Ó họ ti ẹ̀yìn. Ó họ dígí ẹ̀gbẹ́. Ó dá wáípà padà jẹ́jẹ́, ó sì wọlé.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a nílé ìdáná. Mo ní, "Uncle, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

Mo ní, "Ṣé ẹni tó ni ọkọ̀ mọ̀?"

Ó ní, "Bó bá mọ̀, mo ti bà á jẹ́ nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára. Títí di òní, kò tíì jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú àyà mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ìyàwó mi fẹ́ dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ohun tó sì fẹ́ jẹ́rìí sí kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo jẹ́ kó gbà á gbọ́.

Àwọn ọdún yẹn, ilé ń hù ní Ongar bí olú. Ibi tí màlúù ti ń jẹko lánàá, ẹ ó bá àwọn tó ń kó fìríìjì wọlé síbẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá lè jí. Èmi àti Gópál jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá èbúté Dublin. Ọkọ̀ rẹ̀ ni a máa ń wọ̀ lọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú ní Íńdíà, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi "ẹ" ni mo ń pè é.

Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń bi í ní ìbéèrè láti Ongar títí dé èbúté. Tí ó bá rẹ̀ ẹ́, á ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ rédíò. Ní ọjọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́, ilé ìkàwé ní Blanchardstown ni mo máa ń wà, mo ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa ìmọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. N kò yí ẹ̀sìn padà. Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi bí ìgbà tí ọmọdé bá rí ibi tí wọ́n tọ́jú ṣúgà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí láìsí i ẹ kò ní mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kámà ni ẹ̀san. Wọ́n á ní, "Kámà á mú un." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìṣe, ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe. Àwọn olùkọ́ wọn pín in sí mẹ́ta, wọ́n sì fi ọfà ṣàpèjúwe rẹ̀. Èkíní ni ọfà tó wà nínú apó, ìyẹn gbogbo ìṣe àtẹ̀yìnwá tí kò tíì so èso. Èkejì ni ọfà tó ti kúrò lórí ọrun, tí kò sẹ́ni tó lè pè é padà mọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀kẹta yìí nìkan la ní agbára lé lórí.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè ṣiṣẹ́ láìfi ọfà mìíràn kún apó? Àwọn kan rò pé kí a jókòó, kí a má ṣe nǹkan kan ni. Gópál ní ìyẹn gan-an ìṣe ni. Ó ní kí n ṣe ohun tó yẹ, kí n ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kí n má na ọwọ́ sí ohun tí yóò tibẹ̀ jáde, ìbáà ṣe ìyìn, ìbáà ṣe ọpẹ́. Níṣkáma ni wọ́n ń pè é, ìṣe tí kò ní ìfẹ́ èrè nínú. Mo máa ń sọ orúkọ yẹn lábẹ́ ahọ́n mi bí mo bá ń to páálí níbi iṣẹ́. Ó wù mí. Mo fẹ́ dà bí i rẹ̀. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì wù mí.

Ọkọ̀ tí Gópál ń họ, ti Fúnmi ni. Òun ló ń gbé ilé tó dojú kọ tiwa. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí àwọn tó sùn síṣẹ́ tó lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ni, kò sì mọ ìwà òtútù ìlú yìí. Àárọ̀ kan, ó gbé omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó jáde, ó dà á sórí gíláàsì iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gíláàsì ké pá, ó sì là láti ìkangun dé ìkangun. Ó jókòó sí etí títì nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń sunkún. Gópál rí i láti ilé ìdáná. Láti ìgbà tí wọ́n ti bá Fúnmi pààrọ̀ gíláàsì yẹn ni ọkùnrin náà ti ń jáde ní ìdájí.

Èmi náà rí Fúnmi tó ń sunkún lọ́jọ́ náà. Mo dúró sí ojú fèrèsé. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tó kó dé àdúgbò, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tí mo lè bá a sọ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ.

Báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ kan, a ti jókòó sínú ọkọ̀, a fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́, ni Gópál rántí pé òun gbàgbé ike òun sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Fúnmi. Ó ní kí n bá òun mú un. Mo lọ mú un. Bí mo ti gbé e báyìí ni ilẹ̀kùn ṣí.

"Háà! Bọ̀dá! Ẹ̀yin ni?"

Mo dúró pẹ̀lú ike lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ti ń họ ọ́ látọjọ́ yìí? Mo ti bi gbogbo àdúgbò tán! Mo tiẹ̀ ti sọ fún Màmá mi pé áńgẹ́lì ni. Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an ni." Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídì yẹn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín rin." Mo sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, Gópál ní, "Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní, "Ó rò pé èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu ìdarí ọkọ̀. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ máa ń wúwo. Ìwọ ọmọ Nàìjíríà lágbára, bá mi gbé e." Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Yorùbá kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, Màmá Fúnmi, tó wá láti Abẹ́òkúta láti bá ọmọ rẹ̀ gbé fún ìgbà díẹ̀, gbé mọ́ínmọ́ín wá sí ẹnu ọ̀nà wa. "Ẹ kú oore àná o, ọmọ mi. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dúpẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi mí han àwọn ènìyàn: "Bọ̀dá tó ń họ yìnyín nìyẹn." Ohun tí Gópál ń sá fún ni àwa fi ń tọ́ ọmọ. Ọpẹ́ kọ̀ọ̀kan sì dà bí ìṣó kan tí wọ́n kàn mọ́ irọ́ náà lórí, kò ṣe é ṣí mọ́.

Mo pinnu pé èmi ni n ó máa họ ọ́ láti ìgbà náà lọ, kí irọ́ náà lè di òótọ́. Mo sọ fún Gópál. Ó ní kí n wá ọkọ̀ tèmi, pé ọkọ̀ pọ̀ ní Ongar. Síbẹ̀ mo fi ike rẹ̀ họ ti Fúnmi fún àárọ̀ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni òtútù wá mú gan-an, mo sì sùn. Bí mo bá jí, mo máa ń gbọ́ ìró ike rẹ̀ níta, kirẹ́ẹ́, kirẹ́ẹ́, nígbà tí èmi wà lábẹ́ kúbùsù. Nírọ̀lẹ́, Fúnmi á kí mi: "Bọ̀dá, ẹ tún ti jí!" Èmi á ní, "Kò tó nǹkan."

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo ti sọ látẹ̀yìn wá, mo lè rù ú. Èyí tó kàn ni n kò lè rù.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ní ẹ̀sítéètì wa, wọ́n ń jí rédíò àti ohun tí wọ́n bá bá nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń fura. Màmá kò sùn fọkàn balẹ̀ mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bí ó ti fẹ́ gbàdúrà, ó ká kọ́tìnnì, ó sì rí ọkùnrin kan tó fi fìlà ẹ̀wù bo orí, tó tẹ̀ sórí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀, tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olè! Olè o! Fúnmi, dìde, wọ́n ti dé ìdí mọ́tò ẹ!"

Kí n tó wọ bàtà, Màmá ti jáde pẹ̀lú ọmọrogùn. Ará Áyálándì kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn jáde nínú aṣọ ìsùn, ó mú igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù wọn dání. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa méjì tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò náà jáde. Gópál dúró láàárín wọn. Gíláàsì iwájú ti mọ́ dé ìdajì, yìnyín ṣì wà lórí ìdajì kejì.

Fúnmi ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù. Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ ń wá nídìí ọkọ̀ mi?"

Gópál ní, "N kò jalè."

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

Ó na ọwọ́, ó sì fi ike náà hàn wọ́n.

Màmá pariwo. "Ẹ wò ó! Ike Bọ̀dá nìyẹn! Ó tún jí ti ẹni tó ń ṣe wá lóore!"

Fúnmi yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé tiyín kọ́ nìyẹn?"

Gbogbo wọn wò mí. Gópál náà wò mí. Kò bẹ̀ mí, kò sì ṣẹ́jú sí mi. Ó kàn ń wò mí, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀.

Mo ní, "Tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Àwọn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ǹ bá ti ní, "Òun ló ń ṣe é látọjọ́ yìí." Gbogbo ènìyàn ìbá wọlé lọ mu tíì. Ṣùgbọ́n Fúnmi ń wò mí pẹ̀lú ojú tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi wò mí rí láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí, n kò sì fẹ́ kí ojú yẹn kúrò lára mi.

Ọlọ́pàá dé. Wọ́n bi Gópál ní ìbéèrè, wọ́n wo yàrá rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n lọ. Lánlọ́ọ̀dù wa sọ fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé á dára kó wá ibòmíràn. Níbi iṣẹ́ pàápàá, ìròyìn ti débẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí ẹrù wọn. Nígbà tó kó ẹrù rẹ̀, mo fẹ́ bá a gbé báàgì. Ó ní, "Má ṣèyọnu." Ó fi ike náà sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì ilé ìdáná. Mo ti pè é ní tèmi, ó sì fún mi.

Nígbà tó ṣe, wọ́n mú àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ gan-an, àwọn ọ̀dọ́ kan láti àdúgbò mìíràn. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Kò sí ẹni tó dárúkọ Gópál.

Mo fẹ́ Fúnmi. Pásítọ̀ sọ ìtàn yìnyín náà níbi ìgbéyàwó wa, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn náà, Fúnmi sọ fún mi pé, "Ṣé o mọ ìdí tí mo fi fẹ́ ọ? Ohun tí o ṣe nígbà tí o rò pé kò sẹ́ni tó ń wò ọ́ ni." Ó fi orí lé èjìká mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro ó wò. Ọkùnrin tó fẹ́ràn yẹn, kì í ṣe èmi. Ilé kan náà ni a ń gbé, orí ibùsùn kan náà ni a ń sùn, síbẹ̀ ó ń wù mí kí ojú rẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀kan, èmi gan-an, pẹ̀lú ìbẹ̀rù mi àti oorun mi, kí ó sì tún rí i bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ láti fẹ́.

Ọmọ wa obìnrin kò tíì tó ilé ìwé. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin ló fi ń dáhùn. Ìtàn yìnyín ni ìyá rẹ̀ fi máa ń rẹ̀ ẹ́ sùn. Tí ó bá ti dé ibi tí Màmá ti jáde pẹ̀lú ọmọrogùn, ọmọ náà á fò dìde lórí ibùsùn, á ní, "Do the robber bit again, Mammy!" Fúnmi á sì tún ibi olè yẹn sọ. Ọmọ mi kò mọ Gópál, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n ní olè.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ń fi ohun tí mo kà tu ara mi nínú. Mo ní, Gópál kò fẹ́ èso iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fi í sílẹ̀ nílẹ̀. Èso tí olóko ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ nù, ṣé ẹni tó he é ti jalè? Mo tún ní, kíkó tó kó kúrò ní Ongar, bóyá ọfà tó ti kúrò lórí ọrun ni, ìṣe àtijọ́ kan tó ń so èso. Ẹ wo bí ìmọ̀ ti lè di aṣọ tí ènìyàn fi ń bo ìhòòhò. Mo mọ gbogbo orúkọ àwọn ìṣe náà àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Mo lè fi wọ́n dá ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ láti Ongar dé èbúté.

Mo ń họ ọkọ̀ Fúnmi lójoojúmọ́ báyìí tí òtútù bá mú. Láti òkè wá sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo fèrèsé wa bóyá ó ń yọjú. Mo ti gbìyànjú láti họ ti àwọn aládùúgbò láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọkàn mi á kọ́kọ́ balẹ̀. Kò ní pẹ́ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn.

Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí sọ fún mi pé Gópál ń gbé ní Balbriggan. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, obìnrin kan tó ń gba ọ̀nà kọjá dúró, ó ń bèèrè bóyá mo ṣubú.

Gópál ní, "Dìde, jọ̀ọ́. Àwọn ènìyàn á rò pé mo ti pa ẹnì kan báyìí."

Ó ṣì lè dápàárá. Ó se tíì fún mi pẹ̀lú atalẹ̀ àti wàrà, bó ti máa ń sè é ní Ongar. Òórùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. N kò mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé àárọ̀ wọ̀nyẹn nínú ọkọ̀ rẹ̀, ìbéèrè mi àti rédíò rẹ̀, ni mo ń ṣàfẹ́rí jù lọ ní ìlú yìí.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Ṣé torí níṣkáma ni?"

Ó ní, "Mo sọ̀rọ̀. Mo ní n kò jalè. Èyí tó kù, tìrẹ ni láti sọ. Mo ń dúró dè ọ́ ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ èso àti olóko fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"O ti kàwé púpọ̀," ló wí. "Èso yẹn, n kò wá a, n kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Tèmi ni iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn n kò lè dúró ti ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Bí yìnyín bá bọ́, mo máa ń dúró sí ojú fèrèsé yìí, mo máa ń wo gbogbo ọkọ̀ òpópónà yìí, ọwọ́ mi á máa yún mi."

Ẹ̀yin ará, mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọpẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo gbà.

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní, "O ń fẹ́ kí n sọ fún ọ bí yóò ti parí. N kò mọ̀. Ohun tó tọ́ nìkan ni kí o wá." Ó bá mi dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò ní dárí jì mí.

Nígbà tí mo délé, Fúnmi ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní pásítọ̀ ti fún òun láyè láti jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, nípa bí Ọlọ́run ti fi yìnyín fún òun ní ọkọ. Màmá náà ti dé láti Abẹ́òkúta láti gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì tó jáde láti ìsàlẹ̀ àdúgbò lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún mi nìyí. Bí mo bá sọ fún Fúnmi nìkan nílé, bóyá á sunkún, bóyá á dárí jì mí, á sì dákẹ́ nítorí ọmọ àti ìtìjú. Ilé mi lè má tú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú yàrá ni a ti pe Gópál ní olè. Ìta gbangba ni, lójú àwọn ènìyàn, láti ẹnu ìyá ìyàwó mi, èmi sì fi ọ̀rọ̀ méjì tì í lẹ́yìn. Ṣé a lè fọ orúkọ mọ́ nínú yàrá tó bá jẹ́ pé ìta la ti bà á jẹ́? Bí mo bá sì dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti dójú ti obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí lójú gbogbo ayé, nínú ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé, tí ẹ ti tọ́ ọmọ, tí ẹ mọ bí obìnrin ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti fi í sílẹ̀ fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ sọ fún mi ẹni tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, àti ibi tí mo gbọ́dọ̀ dúró sí sọ ọ́. Ẹ sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀.

Títí di àárọ̀ yìí, apá méjì ni mo ti jẹ́wọ́ fún: Gópál, tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti ẹ̀yin, tí ẹ kò mọ̀ mí.